Hítà Ìyá Bámitálẹ́

Oṣù Ṣẹẹrẹ ni. Ọyẹ́ ti gba Òmù-Àrán,
ètè tọmọdé tàgbà ti ń sán.
Ìgbà tí gbogbo ìlú ń wá omi gbígbóná kiri
ni ìyá arúgbó kan ránṣẹ́ pè mí:
"Púlọ́ńbà, wá bá mi yọ hítà kúrò lára ògiri."

Mo ní, "Màmá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"
Ó ní kò bàjẹ́.
"Ojú pupa kan ń bẹ lára rẹ̀.
Bí iná bá wà, tí mo bá bọ́ṣọ tán, á ranjú mọ́ mi.
Ọkọ mi tó ti lọ, kò wò mí tó bẹ́ẹ̀."
Mùtíù, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, fẹ́ rẹ́rìn-ín.
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Èmi náà ni mo gbé e kọ́, ó di ọdún márùn-ún.
Bámitálẹ́ ló fowó ránṣẹ́ láti ìlú òtútù.
Ó ní irin kan wà lára ògiri gbogbo yàrá lọ́hùn-ún,
omi gbígbóná ń rìn nínú rẹ̀ láti yàrá dé yàrá,
ilé á wá móoru bí ẹ̀yìn ìyá tó pọnmọ.
Ó ní kí ìyá òun má fi omi tútù wẹ̀ mọ́.

A yọ fíúsì. Wọ́n ti múná lọ láti ìjẹta,
ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́kàn lé iná ìlú yìí?
Ó lè dé nígbà tí ọwọ́ rẹ bá wà lára wáyà.
Mùtíù gun òkè lọ ti omi táńkì.
Mo tú nọ́ọ̀tì omi tútù. Ti gbígbóná kọ̀,
ìpẹtà ti dì í mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò lọ.
Mo ta epo sí i. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́.
Ó gbà.

Omi dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì,
ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan ọwọ́ olósùn.
"Màmá, ẹ ò ṣí ẹnu ẹ̀rọ yìí rí?"
"N kò ṣí i rí.
Omi tí mi ò rí iná ìdí rẹ̀,
mi ò mọ ẹni tó gbé e kaná."
Ọdún márùn-ún! Bí iná bá dé, á gbóná,
bí iná bá lọ, á tutù,
kò sẹ́ni tó fi bọ́jú.

Mo gbé irin náà mọ́yà, ó ń kán sí mi láṣọ,
ni fóònù bá dún nínú kókó ìró rẹ̀.
"Ìyá mi, ọyẹ́ ńkọ́? Ṣé omi ń gbóná?"
Ìyá wò mí. Èmi náà wò ó.
"Ó ń gbóná, ọmọ mi.
Púlọ́ńbà gan-an ló wà níbí, ó ń bá mi tọ́jú rẹ̀."
"Ẹ bá mi kí i."
Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá," lábẹ́ ẹrù.

Ó ní, "Tèmi kò gbóná mọ́ o. Láti àná ni irin yàrá mi ti kú.
Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ lórí ara wọn."
Ìyá dákẹ́ títí mo fi rò pé ó ti já.
Ó wá ní, "Gbé omi kaná, Bámitálẹ́.
Dá iná díẹ̀, kí o jókòó tì í."
"Ìyá mi, kò síbi tí èèyàn lè dáná sí níbí."
Ibẹ̀ ni owó tán.

Kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.
Mo fi téèpù wé ẹnu páìpù méjèèjì, mo dé wọn pa.
Ojú ibi tí hítà wà ṣì funfun,
ìyókù ògiri ti pọ́n dẹ̀dẹ̀.
Ó ní ká da omi náà sídìí ìbẹ́pẹ.
Nígbà tí mo padà wá gbé sípánà mi,
ó ti fi kànìnkànìn kọ́ páìpù omi gbígbóná.